Orí Karùn-ún: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ẹ̀rọ Dín Ìdúró Aláìsàn Kù ní Ẹ̀ka Pàjáwìrì

Ẹ̀yin mètírọ́ọ̀nù, dókítà àti alábòójútó tí ẹ̀ka pàjáwìrì wà níkàáwọ́ yín la kọ orí yìí fún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ìwòsàn tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí iye nọ́ọ̀sì kò sì tó iye iṣẹ́. Ohun tí ẹ ń lé ni kí ẹni tó bá wọlé má dúró ju bó ti yẹ kó tó rí dókítà, kí ẹni tí dókítà sì ti ní kí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù má sun orí bẹ́ǹṣì mọ́jú.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mọ èyí: ẹ̀rọ kì í tú èrò ká. Ibi tí ọ̀nà ti dí ló ń fi hàn, èèyàn ló máa là á. Nọ́ńbà tó bá wà lójú ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dìde nítorí rẹ̀, ọ̀ṣọ́ ara ògiri ni.

Ìdúró kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnira nìkan. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 nínú Emergency Medicine Journal yẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2016 sí 2018 wò. Wọ́n rí i pé, láàárín àwọn tó yẹ kí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù, bí aláìsàn 82 bá dúró tó wákàtí 6 sí 8 láti ìgbà tí wọ́n dé kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan á kú nínú wọn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ì bá má kú.

OHUN ÈLÒ

Ẹ kó gbogbo nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀:

1. Fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì Android mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan lórí tábìlì nọ́ọ̀sì tó ń gbàlejò, ọ̀kan lọ́dọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn ni kó rà wọ́n. Orúkọ aláìsàn kò gbọ́dọ̀ wọ fóònù àdáni òṣìṣẹ́ kankan.

2. Láptọ́ọ̀pù kan àti tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ díẹ̀, tí ẹ máa gbé kọ́ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ á ti máa rí i, tí ojú àwọn tó ń dúró kò ní tó o.

3. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹ máa fi gba àkọsílẹ̀. Bí ilé ìwòsàn yín bá ti ní èyí tó ń lò, òun ni kí ẹ mú. Bí kò bá ní, OpenMRS wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tó mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa. ODK náà ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ó sì ń kọ àkókò fúnra rẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tilẹ̀ sí. Excel lásán tó fún oṣù àkọ́kọ́.

4. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá, ẹ̀rọ orí ìka tó ń wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tẹmómítà, àti ẹ̀rọ mọ́nítọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn tí ara wọn le jù. Ẹ ní bátìrì tó pọ̀ nílẹ̀.

5. Ìńfátà tàbí UPS tó lè gbé tẹlifíṣọ̀n, láptọ́ọ̀pù àti ráútà títí jẹnẹrétọ̀ fi máa dìde, àti síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

6. Ìwé rẹ́jísítà tí a fi rúlà là bí ojú ẹ̀rọ gẹ́lẹ́, gègé mẹ́rin, àti aago ògiri.

7. Okùn ọwọ́ aláwọ̀ pupa, ọsàn, ìyeyè àti ewé.

8. Ẹnì kan tó ni iṣẹ́ náà. Ẹ má fi ìgbìmọ̀ dípò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà tí àwọn èèyàn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ló dára jù.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: Ẹ FI ẸSẸ̀ YÍN RIN Ọ̀NÀ ALÁÌSÀN

Ẹ dúró sí géètì, kí ẹ tẹ̀lé aláìsàn kan láti ibẹ̀ títí dé wọ́ọ̀dù. Ẹ kọ gbogbo ibi tó bá ti dúró sílẹ̀: lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, níbi káàdì, níbi owó, lórí bẹ́ǹṣì, ní láàbù, níbi ẹksíréè, ní fámásì. Ẹ tún un rìn lóru àti lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀nà tí wọ́n yà sára ògiri kọ́ ni aláìsàn ń tọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ bá sì gbé ka ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í rìn máa purọ́ fún yín.

Bí ẹ bá rí i pé ibi owó ṣáájú ibi nọ́ọ̀sì, ẹ kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì nítorí ohunkóhun. Òfin 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà sì ní kí a tọ́jú wọn bí kò tilẹ̀ sí ìwé ọlọ́pàá, bí wọn ò tilẹ̀ tíì san kọ́bọ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: Ẹ YAN ÀKÓKÒ MÁRÙN-ÚN

Àkókò márùn-ún péré ni kí ẹ máa gbà sílẹ̀ lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan:

Èkíní, ìgbà tó wọ ẹnu ọ̀nà.
Èkejì, ìgbà tí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò tó fún un láwọ̀ (ẹ wo ìgbésẹ̀ kẹta).
Ẹ̀kẹta, ìgbà tí dókítà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ẹ̀kẹrin, ìgbà tí dókítà pinnu: kó máa lọ ilé, kó wọ wọ́ọ̀dù, tàbí kí a gbé e lọ síbòmíràn.
Ẹ̀karùn-ún, ìgbà tó kúrò ní ẹ̀ka náà gan-an.

Àkókò kìíní ṣòroó mú jù. Ẹnu ọ̀nà ni aago ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ níbi káàdì, ìṣẹ́jú 40 tí èèyàn ti fi dúró kó tó gba káàdì á di ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà ṣe ọlọ́dẹ, ni kó tẹ bọ́tìnì, kó sì fún aláìsàn ní nọ́ńbà. Orúkọ lè dúró.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ àkókò náà fúnra rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ń fọwọ́ tẹ wákàtí, ẹ ó rí i pé gbogbo aláìsàn dé ní aago méjìlá géérégé tàbí ìlàjì wákàtí. Fọ́ọ̀mù Google pẹ̀lú ń kọ àkókò, ṣùgbọ́n ìgbà tí fọ́ọ̀mù náà dé ọ̀dọ̀ Google ló ń kọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ fún wákàtí kan, wákàtí kan ti di irọ́ nìyẹn. Ẹ rí i dájú pé aago gbogbo ẹ̀rọ bára mu, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ ọjọ́ Ajé.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: Ẹ FI ÀWỌ̀ SÍ ARA ÀÌSÀN

Ẹni tó kọ́kọ́ dé kọ́ la kọ́kọ́ ń wò ní pàjáwìrì. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù ni. Ìlànà aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní SATS, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Western Cape ní South Africa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 2004, bá ilé ìwòsàn wa mu, torí pé nọ́ọ̀sì lè fi ohun èlò kékeré ṣe é. Pupa: lójú ẹsẹ̀. Ọsàn: láàárín ìṣẹ́jú 10. Ìyeyè: láàárín wákàtí 1. Ewé: láàárín wákàtí 4. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń kà ni bí ẹni náà ṣe ń rìn, bó ṣe ń mí, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ìfúnpá rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, bó ṣe jí sáyé tó, àti bóyá ó fara pa. Ọmọdé ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Bí ọwọ́ kò bá tó rárá, ẹ lo ìlànà aláwọ̀ mẹ́ta tí WHO, Red Cross àti MSF jọ ṣe.

Ẹ kọ àwọn iye wọ̀nyí sínú ẹ̀rọ kó lè máa ṣírò àwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì láti gbé àwọ̀ ga. Bí nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bá wo ojú aláìsàn tó ní “eléyìí kò dára,” àwọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lágbára láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: Ẹ KỌ́KỌ́ GBA ÀKÓKÒ SÍLẸ̀ LÓRÍ ÌWÉ

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gba àkókò márààrún sílẹ̀ nínú rẹ́jísítà láì tíì tan tẹlifíṣọ̀n. Ìdí méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ ó mọ ibi tí ẹ wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu lásán sọ pé ẹ̀rọ ti tún nǹkan ṣe. Èkejì, bí àwọn òṣìṣẹ́ kò bá lè kọ nǹkan márùn-ún sórí ìwé, wọn ò ní í tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: Ẹ ṢE PÁTÁKÓ OJÚ TẸLIFÍṢỌ̀N

Ìlà kan fún aláìsàn kan. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni nọ́ńbà aláìsàn, àwọ̀ rẹ̀, ibi tó wà, iye ìṣẹ́jú tó ti lò ní ìpele tó wà, àti ohun tó ń dúró dè: dókítà, láàbù, ẹksíréè, bẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀. Ẹ má kọ orúkọ, ẹ má kọ àìsàn. Kí ìrísí ìlà náà yí padà nígbà tí ìdajì àkókò tí àwọ̀ náà fún un bá ti lọ, kí ó tún yí nígbà tó bá pé. Ní òkè, nọ́ńbà mẹ́ta péré: iye àwọn tí dókítà kò tíì rí, iye àwọn tí a ti gbà tí wọn ò tíì rí bẹ́ẹ̀dì, àti ẹni tó ti dúró pẹ́ jù.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: Ẹ FÚN NỌ́ŃBÀ KỌ̀Ọ̀KAN NÍ ẸNI TÓ MÁA DÌDE

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń ṣubú nìyí. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n:

Bí aláwọ̀ ọsàn bá kọjá ìṣẹ́jú 10 láì rí dókítà, nọ́ọ̀sì tó ń darí iṣẹ́ á lọ pe dókítà tó sún mọ́ jù lójúkojú.

Bí àwọn tí dókítà kò tíì rí bá ju iye tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí, dókítà kan á jáde síwájú, á máa yanjú àwọn aláwọ̀ ewé lórí ìdúró.

Bí ẹni tí a ti gbà bá lo wákàtí 2 láì rí bẹ́ẹ̀dì, mètírọ́ọ̀nù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á rìn lọ sí wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.

Bí èsì láàbù bá pẹ́ ju wákàtí 1 lọ, òṣìṣẹ́ tí ẹ dárúkọ á lọ béèrè, á sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú 10 tó jẹ́ ti SATS, iye wákàtí wọ̀nyí kì í ṣe òfin. Ẹ fi ohun tí rẹ́jísítà ọ̀sẹ̀ méjì sọ fún yín tò ó. Òfin ni pé kí ipò ẹni tó máa dìde hàn níbẹ̀, lóru àti lọ́sàn-án.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: Ẹ TO ÀWỌN Ẹ̀RỌ Ẹ̀GBẸ́ BẸ́Ẹ̀DÌ

Fún àgbàlagbà tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tó ń dúró, ẹ máa wọn ara rẹ̀ léraléra. Ẹ fi NEWS2 ka ohun tí ẹ bá wọn: Royal College of Physicians ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbé òṣùwọ̀n NEWS jáde ní 2012, wọ́n tún un ṣe sí NEWS2 ní 2017. Bí iye rẹ̀ bá tó 5, dókítà gbọ́dọ̀ tètè wá. Bó bá tó 7, pàjáwìrì ni. Ẹ má lò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 tàbí aláboyún, torí pé ara wọn kì í bá ìṣírò yẹn mu.

Agogo ìkìlọ̀ ń fẹ́ ọgbọ́n. Joint Commission, àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kéde ní 2013 pé ìròyìn 98 tó dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín 2009 sí 2012 jẹ mọ́ agogo ẹ̀rọ, ikú sì wà nínú 80 nínú wọn. Ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó fà á ni pé agogo ń dún jù, á sì mọ́ etí òṣìṣẹ́ lára. Ẹ jẹ́ kí dókítà àgbà tún ìwọ̀n agogo tò fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa pààrọ̀ rọ́bà mọ́nítọ̀ tí a ń lẹ̀ mọ́ àyà bó bá ti gbẹ, kí ẹ sì fòfin de kí ẹnikẹ́ni pa agogo láì kọ́kọ́ wo ojú aláìsàn.

ÌGBÉSẸ̀ KẸJỌ: Ẹ KA NỌ́ŃBÀ, KÍ Ẹ TÚ OKÙN KAN

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ àkókò kan nínú èkejì: ẹnu ọ̀nà sí nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sí dókítà, dókítà sí ìpinnu, ìpinnu sí ìjáde. Èyí tó gùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni okùn tó so yín, òun ni kí ẹ tú.

Ẹ má fi àròpín ṣe é. Bí ẹni mẹ́sàn-án bá dúró fún ìṣẹ́jú 20 tí ẹnì kan sì dúró fún wákàtí 10, àròpín á sọ pé ìṣẹ́jú 78 ni, èyí tí kò bá ìkankan nínú wọn mu. Ẹ to iye wọn láti kékeré sí ńlá, kí ẹ mú ti àárín, kí ẹ sì tún wo ẹni tó wà ní ipò àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìṣirò kan tún wà tó ń sọ ìdí tí ẹ̀ka fi ń kún: iye tó ń wọlé ní wákàtí kan, lọ́nà iye wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò, ló ń fún wa ní iye tó wà nínú ilé. Ká ní ẹni 4 ń wọlé ní wákàtí kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lo wákàtí 5, ẹni 20 á wà nínú ilé. Bí bẹ́ẹ̀dì bá jẹ́ 15, márùn-ún á wà nílẹ̀. Bí ẹ bá mú wákàtí 5 wá sí 3 ààbọ̀, ẹni 14 ló kù, ẹ ò sì ra bẹ́ẹ̀dì kan.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìpinnu sí ìjáde ni okùn náà, ìyẹn ni pé wọ́ọ̀dù ló kún, kì í ṣe pé àwọn ará pàjáwìrì ń lọ́ra. Nínú gòsílóò, mọ́tò tó wà níwájú yín kọ́ ló bàjẹ́. Èyí tó bàjẹ́ wà lókèèrè níbi tí ojú yín kò tó. Ẹ gbé nọ́ńbà yìí tọ ọ̀gá àgbà lọ. Bí wọ́ọ̀dù bá ń dá èèyàn sílẹ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nítorí pé dókítà pẹ́ kó tó wá, tàbí nítorí pé ẹbí kò tíì san owó tán, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún un kà. Bí ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní í mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

ÌKÌLỌ̀

Ẹ̀rọ orí ìka lè tan yín jẹ lára aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí tí New England Journal of Medicine tẹ̀ jáde ní 2020 rí i pé, láàárín aláìsàn tí ẹ̀rọ náà sọ pé ọ́síjìn wọn dára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ju aláwọ̀ funfun lọ nínú àwọn tí ọ́síjìn wọn kò tó nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ẹ̀rọ bá ní 93 tí aláìsàn ń mí gúlegúle, aláìsàn ni kí ẹ gbà gbọ́. Làálì àti kútẹ́ẹ̀sì èékánná ń tàn án náà. Ẹ yí i sí ìka mìíràn tàbí etí.

Ẹni tó wà ní àwọ̀ ewé láago mẹ́jọ lè di pupa láago mẹ́sàn-án. Ẹ wọn ara àwọn tó ń dúró léraléra.

Bí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì kú, rẹ́jísítà ni kí ẹ bọ́ sí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi èyí dánra wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lóru pẹ̀lú.

Àkọsílẹ̀ ìlera wà lára ohun tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti 2023 dáàbò bò gan-an. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò pátákó ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Bí dátà bá jò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tó lè fi pa èèyàn lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí.

ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

Lílé nọ́ńbà dípò aláìsàn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí pàjáwìrì parí ọ̀rọ̀ aláìsàn láàárín wákàtí 4, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dín in sí 95 ní 2010. Ìdúró dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tún fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń jáde ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ṣáájú kí wákàtí 4 pé. Ẹ wo irú òkìtì bẹ́ẹ̀ nínú nọ́ńbà tiyín.

Fífi nọ́ńbà bá òṣìṣẹ́ wí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi pátákó bú nọ́ọ̀sì kan, láti ọjọ́ yẹn ni àkókò yín ti di àròsọ.

Gbígbàgbé àwọn tó bá tiwọn lọ. Ẹni tó sú tó kúrò láì rí dókítà kò sí nínú àwọn tó pẹ́, ó sì lè mú kí ìdúró dà bíi pé ó dín kù. Ẹ kà á lọ́tọ̀, kí ẹ sì pe fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Títẹ àkókò lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ẹ bá rí aláìsàn mẹ́wàá tí àkókò wọn jẹ́ ti ìṣẹ́jú kan náà ní ìparí iṣẹ́ òru, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò, kí ẹ sì wádìí ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ dí tó bẹ́ẹ̀.

Ríra ẹ̀rọ olówó ńlá ṣáájú. Bí fóònù mẹ́ta àti rẹ́jísítà kò bá tíì yí ohunkóhun padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ olówó gọbọi kò ní í yí i padà.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí ẹ kò lè dárúkọ ibi kan tí ìdúró ti dín kù àti ẹni tó dín in, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n náà, kí ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹfà. Bí ẹ bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ yin ẹni náà níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹ sì mú okùn tó kàn.